Àpótí Géèmù Oníkọ́ìnì Tó Ti Dákẹ́: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Àgbẹ̀ àti Onílé ní Èkìtì

Kí ẹ tó ki píláàgì bọ iná

Ẹ má tíì tàn án. Mo mọ̀ pé ohun tó ń yún yín lọ́wọ́ nìyẹn. Ẹ rí àpótí géèmù àtijọ́ kan lábẹ́ tapólì nínú ilé kòkó bàbá yín, tàbí òtẹ́ẹ̀lì kan tó kógbá sílé l'Ádó tà á fún yín ní owó pọ́ọ́kú, ẹ sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Ìkéré ni mo ti ń tún rédíò àti tẹlifíṣàn ṣe nígbà náà. Wọ́n gbé ọ̀kan wá láàárọ̀ ọjọ́ ọjà, èrò pé lé mi lórí, ojú sì ń kán mi. Mo ki píláàgì bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Ó dún "pó!" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èéfín tó ń rùn bí ẹja tó ti bàjẹ́ sì gba gbogbo ṣọ́ọ̀bù. Ìgbà tí èéfín lọ tán ni mo tó ka bébà kékeré tó wà lẹ́yìn rẹ̀: 120 fóólìtì. 240 sì ni iná tiwa.

Japan àti Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ẹ̀rọ yìí. Taito gbé géèmù Space Invaders jáde ní 1978, Namco gbé géèmù Pac-Man jáde ní 1980, Japan sì ni ilé-iṣẹ́ méjèèjì wà. Iná Japan jẹ́ 100 fóólìtì, ti Amẹ́ríkà jẹ́ 120. Nítorí náà, bébà ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Bí eruku bá ti bò ó, ẹ fi aṣọ tútù díẹ̀ nù ún jẹ́jẹ́, ẹ má fi èékánná họ ọ́. Bí ó bá jẹ́ 100 tàbí 120 ló wà níbẹ̀, ẹ ra tiráńsífọ́mà tó ń sọ 240 di 110. Àpótí géèmù kan kì í sábà jẹ ju 200 wáàtì lọ, ṣùgbọ́n ẹ ra ti 500 kó má baà máa gbóná. Kí ẹ tó so ó mọ́ ẹ̀rọ, ẹ fi mítà wọn ohun tó ń jáde lẹ́nu rẹ̀, torí mo ti rí èyí tí wọ́n kọ 110 sí lára tó ń tu 150 jáde. Sítébíláísà ni kó ṣáájú tiráńsífọ́mà náà. Ẹ̀yin náà kúkú mọ bí iná NEPA wa ṣe máa ń fò bí ìrẹ̀.

Ṣíṣí ẹ̀yìn rẹ̀

Ọ̀sán gangan ni kí ẹ ṣí i, kí ẹ gbé e síta, kí ẹ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kì í ṣe iwájú ihò. Nínú ọ̀kan tí mo ṣí lọ́nà Ìjerò, ilé agbọ́n tó tó ìkúùkù ọmọdé ló wà nínú rẹ̀, ẹyin ọmọńlé mẹ́rin wà lórí bọ́ọ̀dù (pátákó pẹlẹbẹ tí àwọn ohun iná géèmù jókòó lé), eku sì ti fi wáyà pupa tẹ́ ìtẹ́. Kí ẹ tó yọ ohunkóhun kúrò, ẹ fi fóònù yín ya fọ́tò gbogbo wáyà láti apá ọ̀tún, òsì àti òkè. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé orí. Lọ́jọ́ kẹta, wáyà funfun mẹ́fà á jọra bí ìbejì.

Gíláàsì ńlá tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀ ni ibi tí ikú fara pamọ́ sí. Bí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́, wáyà nínípọn tó wọ abẹ́ ife róbà lórí gíláàsì náà máa ń gbé nǹkan bí 20,000 fóólìtì, ó sì lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ lè yọ píláàgì tán kí iná náà ṣì wà níbẹ̀. Àwọn tó mọṣẹ́ á so wáyà mọ́ irin ara férémù, wọ́n á so orí kejì mọ́ súkúdíráfà pẹlẹbẹ tí ọwọ́ rẹ̀ jẹ́ ike, wọ́n á ki ọwọ́ kan bọ àpò ṣòkòtò, wọ́n á wá fi ọwọ́ kejì ti súkúdíráfà náà sábẹ́ ife róbà títí ó fi máa kan irin inú rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń ṣe é. Ìdí tí ọwọ́ kan fi wà nínú àpò ni pé iná tó bá gba ọwọ́ kan jáde lọ́wọ́ kejì máa ń gba ọkàn kọjá.

Mo ṣàlàyé rẹ̀ kí ẹ lè mọ ohun tí ẹ ń wò ni o, kì í ṣe kí ẹ lọ dán an wò. Ẹ wá àwọn bọ̀ọ̀dá tó ti ń tún tẹlifíṣàn oníké ṣe kí ti pẹlẹbẹ tó dé. Wọ́n ṣì wà l'Ádó, n'Íkọ̀lé, l'Ómùò, ọ̀pọ̀ wọn ló sì jókòó láìríṣẹ́ ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ohun kan fún wọn: mọ́nítọ̀ inú àpótí géèmù, ìyẹn gíláàsì àwòrán náà àti ohun iná tó ń mú un ṣiṣẹ́, kì í jẹ iná tààrà láti ara ògiri bíi ti tẹlifíṣàn ilé. Tiráńsífọ́mà kan wà nísàlẹ̀ àpótí tó ń ya á sọ́tọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá fo èyí, férémù mọ́nítọ̀ náà lè máa gbé iná.

Igi àti ikán

Ẹ fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ àpótí náà. Bí ó bá rọ̀ bíi móínmóín, omi ti wọ̀ ọ́. Ìyẹ̀fun igi tí wọ́n pò mọ́ gọ́ọ̀mù ni wọ́n fi ṣe àwọn kan, irú igi bẹ́ẹ̀ tó bá ti mu omi kì í padà sípò mọ́, bí ẹ tilẹ̀ sá a sóòrùn ọ̀sẹ̀ méjì. Kí káfíńtà gé apá náà dànù, kó fi pílááwúùdù ìnṣì ¾ rọ́pò rẹ̀. Bí ẹ bá rí ọ̀nà ikán tí wọ́n fi amọ̀ ṣe, ẹ gbé gbogbo ohun iná jáde ná, kí ẹ kun igi náà ní Solignum níta, kó gbẹ tán kí ohunkóhun tó padà wọlé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da kẹrosíìnì sínú àpótí tí wáyà ṣì wà nínú rẹ̀.

Àwòrán ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni apá tó lẹ́wà jù. Omi ọṣẹ díẹ̀ àti aṣọ rírọ̀ ló tó o. Mo ti rí ẹni tó kun gbogbo rẹ̀ ní ọ̀dà funfun kó lè bá ògiri pálọ̀ mu. Kí n má sọ ohun tí mo sọ lọ́jọ́ náà.

Bí ẹ bá fẹ́ gbé e, ọkùnrin mẹ́rin ni o. Ó lè tó kílò 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀, iwájú ló sì máa ń fì sí nítorí gíláàsì náà. Ìnàró ló ń wọ ọkọ̀, ẹ má tẹ́ ẹ sílẹ̀.

Bọ́ọ̀dù

Ẹ lè fi omi àti ọṣẹ díẹ̀ fọ bọ́ọ̀dù tó dọ̀tí. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn ènìyàn bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n omi kọ́ ni ọ̀tá, iná tó bá omi lára rẹ̀ ni. Bí ẹ kì í ti í rọ kòkó tí kò gbẹ sínú àpò, bẹ́ẹ̀ náà ni kí ẹ fi bọ́ọ̀dù sí ibi tí atẹ́gùn ń fẹ́ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Àkókò ọyẹ́ ló dára jù fún un, bí ẹ bá lè fi aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bò ó nítorí eruku.

Ẹ wò ó bóyá bátìrì kékeré wà lára rẹ̀. Àwọn tí wọ́n jó mọ́ bọ́ọ̀dù láyé ìgbà yẹn máa ń jò, ohun tí wọ́n ń tú jáde á sì máa jẹ ọ̀nà bàbà ara bọ́ọ̀dù títí yóò fi di àwọ̀ ewé. Ẹ gé bátìrì náà kúrò, ẹ fi òwú tí ẹ rì sínú fínígà nu ibẹ̀. Oje ọsàn wẹ́wẹ́ náà ń ṣe é, mo ti lò ó. Ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ wá fi sípíríìtì nù ún. Àfi bí bọ́ọ̀dù yín bá jẹ́ CPS-2 ti ilé-iṣẹ́ Capcom, èyí tó wà nínú páálí ike aláwọ̀. Bátìrì ti ìyẹn ló ń tọ́jú kóòdù àṣírí tó ń ṣí géèmù náà, ẹ yọ ọ́ láìmọ̀ọ́yọ, géèmù kú.

Àwọn agolo kéékèèké tó dúró gbọn-in lórí bọ́ọ̀dù mọ́nítọ̀ là ń pè ní kápásítọ̀. Omi inú wọn ń gbẹ lọ́dọọdún. Èyí tí orí rẹ̀ bá ti wú bí àkàrà ti kú nìyẹn. Ẹ fi èyí tí nọ́ńbà µF rẹ̀ (ìwọ̀n iná tó lè gbà pamọ́) bá dọ́gba rọ́pò rẹ̀. Fóólìtì rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹsẹ̀ tó wà lápá ibi tí ilà tó ní àmì ìyọkúrò (−) wà lára rẹ̀ ni ti òdì, bí ẹ bá sì fi ẹsẹ̀ kan sípò èkejì, yóò bú gbàmù lójú yín.

Bí géèmù yín bá jẹ́ ti ẹ̀yìn 1985, ó ṣeé ṣe kó lo ìdè JAMMA, ibi tí bọ́ọ̀dù ti ń so mọ́ wáyà àpótí, tí àwọn oníléeṣẹ́ Japan fohùn ṣọ̀kan lé lórí lọ́dún náà: eyín 56, 28 lójú kan, 28 lójú kejì. Ẹ fi kílínà tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń pa pẹ́ńsù rẹ́ ra eyín náà títí yóò fi dán. Kí ẹ tó tì í wọlé, ẹ wo ojú àti ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, nítorí tí ẹ bá dojú rẹ̀ dé, fóólìtì 12 lè bá ibi tó ń retí 5 pàdé.

Ẹnu tó ń gbé kọ́ìnì mì

Ibí yìí ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ ṣí ilẹ̀kùn irin iwájú, ẹ yọ irin pẹlẹbẹ tó wà lẹ́yìn ihò kọ́ìnì, ẹ gbé e sójú oòrùn, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín ju kọ́ìnì kan sí i. Yóò kọ́kọ́ já sórí apá irin kékeré méjì tó dà bí òṣùwọ̀n. Bí ó bá kéré jù, á gba àárín wọn já bọ́. Bí ó bá tó, á tẹ̀ wọ́n, á yí lọ sí iwájú òòfà. Bí irin bá wà nínú rẹ̀, òòfà á dì í mú pátápátá títí ẹ ó fi tẹ bọ́tìnì tó ń lé e jáde. Òòfà kì í mú bàbà, ṣùgbọ́n bí bàbà bá ń sáré kọjá níwájú rẹ̀, á fà á sẹ́yìn díẹ̀, bí ìgbà tí ènìyàn ń sá nínú omi. Ìwọ̀n ìfàsẹ́yìn yẹn ni ẹ̀rọ fi ń mọ ojúlówó. Èyí tó bá yára jù tàbí tó lọ́ra jù á kọlu irin kan, á padà síta. Ojúlówó á já sí ọ̀nà, á fi ara kan wáyà tó tínrín bí ọwọ̀ ìgbálẹ̀, ẹ ó gbọ́ "kẹ́", géèmù á sì ka ọ̀kan.

Ẹ má fi òróró sí i láéláé. Òróró á mú eruku, kọ́ìnì á sì máa lẹ̀. Omi gbígbóná, ọṣẹ, búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín àtijọ́, kó gbẹ, ó tán. Bí kọ́ìnì bá ń kọjá tí géèmù kò sì kà á, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé wáyà tínrín yẹn ló ti tẹ̀.

Kí ẹ sì wo àpótí owó kí ẹ tó tú ohunkóhun. Lọ́dún 1972, ilé-iṣẹ́ Atari ti Amẹ́ríkà gbé ẹ̀rọ géèmù Pong àkọ́kọ́ tí Allan Alcorn ṣe sí ilé ọtí kan ní Sunnyvale, Kalifọ́níà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ránṣẹ́ pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́. Nígbà tí Alcorn débẹ̀, kọ́ìnì ló ti kún inú rẹ̀ débi pé kò sáyè fún òmíràn.

Kọ́ìnì wo wá ni a ó máa lò? Náírà àti kọ́bọ̀ dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, a sì ná kọ́ìnì nígbà náà. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní 1991 ní irin nínú, òòfà á mú un. Ti 2007 ńkọ́? Bí ẹ bá gbé e lọ sí Ọjà Ọba l'Ádó, alágbe gan-an á dá a padà fún yín. Àwọn kan ní kí alágbẹ̀dẹ fi fáìlì rẹ́ ẹ kó bá ihò mu. Ẹ má dán an wò: òfin CBN ti 2007 ka bíba owó Nàìjíríà jẹ́ sí ẹ̀ṣẹ̀, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò dín ní oṣù 6, owó ìtanràn rẹ̀ kò dín ní ₦50,000, ó sì lè jẹ́ méjèèjì pọ̀.

Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn onílé rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ẹ̀rọ yín bá jẹ́ ti Amẹ́ríkà, kọ́ìnì 25 sẹ́ǹtì ló ń jẹ, èyí tí ìbú rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 24.26. Kí ọmọ yín tó wà lọ́hùn-ún kó 20 sínú báàgì bó bá ń bọ̀ wálé ọdún. Dọ́là 5 péré ni. Ti Japan ń jẹ 100 yẹ́ẹ̀nì, ìyẹn kéré díẹ̀, mìlímítà 22.6, wọn ò sì lè fi ara wọn rọ́pò ara wọn.

Màmá kan ní Ìjerò tí ọkọ rẹ̀ fi ẹ̀rọ sílẹ̀ fún bi mí pé, "Ọmọ mi, ṣé á kàn máa gbé owó dọ́là mì ṣáá ni?"

Mo ní, "Rárá o, Màmá. Ẹ ó máa ta kọ́ìnì náà fún àwọn ọmọ àdúgbò ní náírà, àpótí á gbé e mì, lálẹ́ ẹ ó fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i, ẹ ó tún kó 20 yín jáde."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó so kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ etí ìró rẹ̀ lójú mi.

Ọjọ́ títàn

Ẹ yọ bọ́ọ̀dù géèmù kúrò ná. Ẹ tan iná, ẹ fi mítà wọn ibi tí wọ́n kọ +5 sí. Kó wà láàárín 4.9 sí 5.1. Bí ó bá yàtọ̀, kókó kékeré kan máa ń wà lára ẹ̀rọ iná tuntun tí ẹ lè yí jẹ́jẹ́. Ẹ pa á, ẹ ti bọ́ọ̀dù wọlé, ẹ tún tàn án, kí ọwọ́ yín wà lórí súwíìṣì. Gíláàsì kì í mọ́lẹ̀ lójú ẹsẹ̀, ẹ fún un ní nǹkan bí ìṣẹ́jú àáyá 15 kó gbóná. Fíúsì tó bá jó, irú rẹ̀ gan-an ni kí ẹ fi rọ́pò, kì í ṣe èyí tó tóbi jù ú, kì í sì í ṣe wáyà. Bí àwòrán bá yọ tó sì ń yí lọ sókè láìdúró, kò tíì bàjẹ́: ẹ yí kókó tí wọ́n kọ V-HOLD sí lẹ́yìn mọ́nítọ̀, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú súkúdíráfà onike, títí yóò fi dúró.