Ẹ Yé Náwó Dànù Lórí Àìsàn Ìbẹ̀rù

Iṣẹ́ mi ni títọ́jú àwọn tí àìsàn ìbẹ̀rù ń dà láàmú, inú sì ń bí mi sí owó tí wọ́n máa ń ná kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n á ti tọ́jú ibà àti táífọ́ọ̀dù tí kò ṣe wọ́n, wọ́n á tún ti náwó lórí ìtúsílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́.

1. Ẹ má máa gbé àyẹ̀wò ọkàn kan náà láti ọsibítù dé ọsibítù. Àyà á máa lù kìkì, èémí á há, ọwọ́ á máa gbọ̀n, èèyàn á rò pé ikú ti dé. Láàárín ìṣẹ́jú bíi 10, ó ti le dé òpin, á wá máa rọlẹ̀. Bí ìjayà òjijì ṣe máa ń ṣe nìyẹn. Kí dókítà yẹ ọkàn wò, kó yẹ táírọ́ìdì, ìyẹn ẹṣẹ́ kan tó wà ní ọrùn, náà wò, torí èyí tó bá ń ṣiṣẹ́ àṣejù lè ṣe èèyàn bẹ́ẹ̀. Bó bá ti ní kò sí nǹkan kan, ẹ gbà bẹ́ẹ̀.

2. Ẹ má dá ra Valium tàbí Lexotan, àwọn oògùn tó ń mú ara rọlẹ̀, ní kẹ́míìsì. Ó ń di bárakú. Ẹni tó sì ti ń lò ó tipẹ́ kò gbọdọ̀ ṣàdédé dá a dúró. Dókítà ni yóò bá a dín in kù.

3. Ẹ má fipá ti ẹnikẹ́ni sínú ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Èyí tó ń dùn mí jù wá ni àwọn tó bẹ̀rẹ̀ exposure therapy, ìyẹn ìtọ́jú tí èèyàn ti máa ń kojú ohun tó ń bà á lẹ́rù díẹ̀díẹ̀, tí wọn ò jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ìtọ́jú yìí kì í ṣe tuntun. Ní 1924, Mary Cover Jones ní Amẹ́ríkà tọ́jú ọmọdékùnrin kan tó ń bẹ̀rù ehoro: bí ọmọ náà ṣe ń jẹun ni wọ́n ń gbé ehoro sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, títí òun fúnra rẹ̀ fi ń fọwọ́ pa á lára.

Mo tọ́jú ìyáàfin kan tí kò lè gba Third Mainland Bridge kọjá. A bẹ̀rẹ̀ láti orí fídíò, a bọ́ sí Carter Bridge, ká tó kan afárá gígùn yẹn tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 12. Ó ń lọ, ó ń bọ̀, ẹ̀rù ò lọ. Mo bi í léèrè ohun tó máa ń ṣe nínú ọkọ̀. Ó máa ń dijú, oògùn máa ń wà nínú báàgì rẹ̀, ọkọ rẹ̀ á sì wà lórí fóònù títí yóò fi sọ̀ kalẹ̀. Bó bá ti le jù, á ní kí dírẹ́bà yà ní Adekunle. Gbogbo ìgbà tó bá ti dé òdìkejì afárá láyọ̀, ọkọ àti oògùn yẹn ló ń gbà pé ó yọ òun. Ìgbà tó fi wọ́n sílẹ̀, tó la ojú, tó jẹ́ kí àyà lù títí ó fi dé Èkó, ni nǹkan tó yí padà. Mi ò bá àdúrà jà o: ẹ gbà á nílé kí ẹ tó jáde, ẹ má fi sá fún ẹ̀rù lórí afárá.

Ẹ̀yin ará ilé náà, ẹ má máa dáhùn “Ṣé mo ti tilẹ̀kùn?” ní gbogbo òru: ìdáhùn yín náà dà bí oògùn inú báàgì yẹn.

Ẹni tó máa ń dákú bó bá rí ẹ̀jẹ̀ kò gbọdọ̀ dẹra; kó fún iṣan itan àti apá rẹ̀ le, kó má baà dákú.

Àrò ní Abẹ́òkúta àti ọsibítù ọpọlọ ní Yábàá wà ní àrọ́wọ́tó. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi ẹni tó fẹ́ tọ́jú yín bóyá ẹ jọ máa kojú ohun tí ẹ ń bẹ̀rù, àbí ọ̀rọ̀ lásán ni ẹ máa máa sọ.