Ohùn Ayédèrú Lásìkò Ìbò: Bí A Ṣe Ń Yẹ̀ Ẹ́ Wò

Lásìkò ìbò, ohùn ayédèrú ni kí ẹ ṣọ́ra fún ju fídíò ayédèrú lọ. Fídíò tí AI, ìyẹn ọgbọ́n àtọwọ́dá inú kọ̀ǹpútà, ṣe ṣì lè tú ara rẹ̀ fó níbi ètè tàbí ìka ọwọ́. Ohùn kò ní èyí, WhatsApp sì máa ń fún un pọ̀ débi pé àbùkù tí à bá fi dá a mọ̀ á ti pòórá. Ẹ má gbójú lé ẹ̀rọ tó ń dá ayédèrú mọ̀ náà: Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú wọn.

Ìgbà tó jáde ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ní Slovakia lọ́dún 2023, ohùn ayédèrú kan gbòde pé Michal Šimečka, olórí ẹgbẹ́ òṣèlú kan níbẹ̀, ń gbìmọ̀ láti ṣe màgòmágó ìbò. Kò ju ọjọ́ bíi méjì sí ìdìbò lọ, nígbà tí òfin ti ní kí ìpolongo dákẹ́. Ní Nàìjíríà, wákàtí 24 ṣáájú ọjọ́ ìbò ni ìpolongo ń parí. Ohun tó bá já lu yín nírú àkókò yẹn, ẹ fura sí i.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo òkè àtẹ̀jíṣẹ́ náà. Ọfà méjì túmọ̀ sí pé ó ti gba ọwọ́ márùn-ún ó kéré tán kọjá, nítorí náà ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín kì í ṣe orísun rẹ̀. Ẹ bi í: ta ló gbà á sílẹ̀, níbo, lọ́jọ́ wo? Ẹ tẹ gbólóhùn kan látinú rẹ̀ sórí Google, kí ẹ fi Dubawa tàbí Africa Check, àwọn àjọ tó ń yẹ ìròyìn wò, kún un. Bí ẹ bá fẹ́ bi ẹlòmíràn, ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni kí ẹ kọ, ẹ má fi ohùn náà ránṣẹ́.

Bó bá ní kí ẹ má jáde dìbò, bí ohùn ayédèrú Joe Biden, ààrẹ Amẹ́ríkà nígbà náà, ti ṣe ní ìpínlẹ̀ New Hampshire lóṣù kìn-ín-ní ọdún 2024, tàbí pé wọ́n ti sún ìbò síwájú, ojúewé INEC nìkan ni kí ẹ lọ wò.

Ti ìwé èsì ìbò ayédèrú rọrùn díẹ̀ láti yẹ̀ wò. Ẹ fi nọ́ńbà ibùdó ìdìbò wá EC8A rẹ̀, ìyẹn ìwé èsì ibùdó náà, lórí IReV, ojúewé tí INEC ń gbé èsì sí. Ìbò gbogbo ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ju iye èèyàn tí BVAS, ẹ̀rọ tó ń yẹ olùdìbò wò, dá mọ̀ lọ. Bí wọ́n bá ti lẹ EC60E, ìwé èsì tí gbogbo èèyàn lè rí kà, mọ́ ibùdó yín, ẹ ya fọ́tò rẹ̀ látòkè délẹ̀, ẹ má gé e. Bí ẹ ó bá fi ránṣẹ́, ẹ yan “document”, torí WhatsApp máa ń yọ ọjọ́ àti àkókò kúrò nínú fọ́tò lásán.