Amóníà Nínú Adágún Ẹja Koi: Ìtọ́jú Omi ní Ìlú Èkó

Omi adágún lè mọ́ gaara débi pé ẹ óò máa ka òkúta ìsàlẹ̀ rẹ̀, kí ó sì jẹ́ pé inú májèlé ni ẹja koi yín, ẹja aláràbarà tí a ń sìn fún ẹwà, ń gbé, nítorí pé amóníà kò ní àwọ̀, ìwọ̀n tí ó sì ń pa ẹja kéré púpọ̀ sí èyí tí imú wa lè gbọ́. Ìdí nìyí tí mo fi máa ń bẹ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ gbẹ́ adágún sí àgbàlá rẹ̀, ì báà jẹ́ ní Súrùlérè tàbí ní Ìkòyí, pé kí ó ra ohun èlò ìdánwò omi kí ó tó ra ẹja. Ẹ ra irú èyí tí a ń kán oògùn rẹ̀ sínú omi, tí ó lè wọn amóníà, nitrite, pH àti KH. pH ni ìwọ̀n bí omi ti kan tó: bí ó bá ṣe kéré sí ni omi ń kan sí i. KH ni ìwọ̀n èròjà inú omi tí kì í jẹ́ kí ó tètè kan.

Inú oúnjẹ ni amóníà ti ń wá. Ẹja ń jẹ purotéènì, ibi tí ó fi ń mí lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀ ni ó sì ti ń tú èyí tí ó pọ̀ jù nínú amóníà náà jáde. Ẹ jẹ́ kí a ṣírò rẹ̀. Adágún tí ó gùn ní mítà 2.5, tí ó fẹ̀ ní mítà 2, tí ó sì jìn ní mítà 1 ń gba lítà 5,000. Bí ẹ bá ń da gíráàmù 100 oúnjẹ sí i lójúmọ́, tí ìdá 40 nínú 100 oúnjẹ náà sì jẹ́ purotéènì, amóníà ibẹ̀ yóò máa fi nǹkan bíi mílígíráàmù 0.7 nínú lítà kọ̀ọ̀kan lé sí i lójoojúmọ́ bí kò bá sí ohun tí ń mú un kúrò. Oúnjẹ ẹja àrọ̀ tí ọ̀pọ̀ wa ń rà nítorí pé ó wà nítòsí sábà máa ń ní purotéènì ju èyí tí koi nílò lọ.

Bakitéríà inú asẹ́ tí pọ́ńpù ń da omi adágún gbà kọjá ni ó ń mú un kúrò. Àwọn kan ń sọ amóníà di nitrite, tí òun náà burú fún ẹja. Àwọn mìíràn ń sọ nitrite di nitrate, tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Asẹ́ tuntun máa ń lò tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn wọ̀nyí tó pọ̀ tó, nítorí náà ẹ fi ẹja díẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì máa dán omi wò lójoojúmọ́. Omi inú adágún nìkan ni kí ẹ fi máa fọ asẹ́, torí pé kílóríìnì inú omi ẹ̀rọ ìjọba ń pa bakitéríà.

Iná mànàmáná ni ìṣòro tiwa gan-an. Bakitéríà nílò ọ́síjìn bí ẹja ti nílò rẹ̀, bí pọ́ńpù bá sì dákẹ́ fún wákàtí mélòó kan, omi inú asẹ́ tí a dé pa yóò bàjẹ́. Ní Yábà, iná mi lọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, kò dé títí ilẹ̀ fi mọ́. Bí ó ti dé ni pọ́ńpù gbéra, tí ó sì da gbogbo omi burúkú inú asẹ́ náà sínú adágún. Ẹja mẹ́ta tí mo ti tọ́ láti kékeré ni mo gbé jáde ní òkú láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó sì dùn mí títí di òní. Ẹ máa yọ pọ́ńpù kúrò lára iná bí iná bá ti lọ, kí ẹ sì da omi inú asẹ́ nù kí ẹ tó tàn án padà. Ẹ so ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré kan mọ́ ínfátà, nítorí pé a kì í fi jẹnẹrétọ̀ sílẹ̀ mọ́jú.

Ọ̀rọ̀ pH ni ó ń pa ẹja jù lọ́wọ́ àwọn tí ó ti pẹ́ nídìí rẹ̀. Ohun èlò ìdánwò máa ń ka oríṣi méjì pọ̀: amóníà tí ó jẹ́ májèlé, àti ammonium tí kò fi bẹ́ẹ̀ léwu. Nínú omi tí ooru rẹ̀ tó ìwọ̀n 28 ti Celsius, bí pH bá jẹ́ 7, èyí tí ó jẹ́ májèlé kò tó ìdá 1 nínú 100. Bí ó bá di 8, ó tó ìdá 6 sí 7. Bí ó bá di 9, ó tó ìdá 40. Omi ọ̀pọ̀ kànga-dẹ̀rọ ní ìhà Mainland sì kan díẹ̀, KH rẹ̀ kéré, iṣẹ́ bakitéríà tún ń jẹ ìwọ̀nba tí ó wà níbẹ̀. Bí KH bá tán, pH yóò já wálẹ̀, bakitéríà yóò dẹwọ́ iṣẹ́, ammonium yóò sì máa gbára jọ láìsí pé ẹja kú. Ẹni tí ó bá wá rí i pé pH lọ sílẹ̀, tí ó sì da baking soda sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ti fọwọ́ ara rẹ̀ sọ apá kan nínú ammonium yẹn di májèlé.

Amóníà ni kí ẹ kọ́kọ́ dín kù. Ẹ má fún ẹja lóúnjẹ, kí ẹ máa pààrọ̀ ìdá kan nínú márùn-ún omi lójúmọ́ pẹ̀lú omi tí pH rẹ̀ sún mọ́ ti adágún. Omi kànga-dẹ̀rọ tí a ti fi afẹ́fẹ́ rò mọ́jú nínú táǹkì dára fún un. Nígbà tí amóníà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, ẹ wá máa po gíráàmù 30 baking soda fún lítà 1,000 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́, èyí tí yóò gbé KH sókè ní nǹkan bíi mílígíráàmù 18 nínú lítà kan, títí yóò fi kọjá 80.

Bí pH bá ga tí ẹja sì ń gbé ẹnu sókè, kíá ni kí ẹ pààrọ̀ ìdá kan nínú mẹ́ta omi, kí ẹ fi afẹ́fẹ́ kún un. Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran: ẹ dán omi wò kí ẹ tó da oògùn kankan sí i. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa dán an wò bí omi bá ní ewé tútù, torí pé ìgbà náà ni pH rẹ̀ máa ń ga jù. Bí ó bá jẹ́ nitrite ni ẹ rí, ẹ po kílógíráàmù 1 iyọ̀ fún lítà 1,000. Kò ní jẹ́ kí nitrite ráyè wọ inú ẹ̀jẹ̀ ẹja. Ẹ kọ́kọ́ kó òjúoró kúrò nínú omi náà bí ẹ bá ní in, torí pé iyọ̀ kò bá a lára mu.