Ẹ má wá ìtumọ̀ get, ohun tó tẹ̀ lé e ni kí ẹ wò

Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ọ̀gá mi kọ ìwé ránṣẹ́ sí mi pé: Get back to me by Friday. Mo mọ get, mo mọ back, mo sì mọ Friday. Mo gbà pé ó ní kí n padà wá bá òun ni. Nígbà tó di ọjọ́ Ẹtì, mo lọ dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Èsì ìwé ló ti ń retí láti ọjọ́ yìí wá, kò sì rí i gbà. Ó dùn mí gan-an, nítorí mo ti parí iṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ kékeré kan ni kò yé mi. Láti ìgbà yẹn ni mo ti ń kọ gbogbo get tí mo bá gbọ́ sínú ìwé kékeré kan.

Ẹni tó bá ń wá ẹyọ ọ̀rọ̀ Yorùbá kan fún get, á wá a tì. Ohun tó tẹ̀ lé e ló ń sọ ìtumọ̀ rẹ̀. Tó bá jẹ́ nǹkan ló tẹ̀ lé e, nǹkan náà ti di tẹni nìyẹn. I got a letter: mo gba lẹ́tà. I got a job: mo rí iṣẹ́. I got a new bag: mo ra báàgì tuntun. Get me a chair: bá mi gbé àga wá. Tó bá jẹ́ ibì kan ni, ó di dé. When did you get home? Ìgbà wo lo délé? Ẹ má fi to ṣáájú home o, ṣùgbọ́n ẹ fi ṣáájú work àti school: get to work, get to school.

Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ tó ń sọ bí nǹkan ṣe rí ló tẹ̀ lé e, get ń sọ bí nǹkan náà ṣe ń dà bẹ́ẹ̀. I am tired: ó ti rẹ̀ mí. I'm getting tired: ó ti ń rẹ̀ mí. It's getting dark: ilẹ̀ ti ń ṣú.

Ibi tó ń dà wá láàmú jù rèé. Ní tiwa, tí ẹnìkan bá ní òun gé irun òun lánàá, kò sẹ́ni tó máa rò pé òun fúnra rẹ̀ ló mú sísọ́ọ̀sì. A ní a rán aṣọ, bẹ́ẹ̀ télọ̀ ló rán an. A ní lágbájá kọ́lé, bíríkìlà ló sì kọ́ ọ. Gẹ̀ẹ́sì kì í sábà gba irú èyí. Ẹni tó bá ní I cut my hair, ohun tí wọ́n sábà máa ń gbọ́ ni pé ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gé e. Tó bá jẹ́ ẹlòmíì ló bá a gé e, I got my hair cut ló máa sọ. Ẹ kíyè sí bó ṣe tò: get ṣáájú, nǹkan náà tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ìṣe wá gbẹ̀yìn ní ìrísí rẹ̀ kẹta, irú written nínú write, wrote, written. I got the letter written. I got my phone repaired.

Tí ẹ bá fẹ́ dárúkọ ẹni tó ṣe é, to gbọ́dọ̀ wọlé: I got my brother to repair it. Ìyẹn ni pé mo bá a sọ ọ́, ó sì gbà. I made him repair it ti ní agbára nínú, àfi bí ẹni fi dandan mú un. Mo fẹ́ràn ìyàtọ̀ yìí púpọ̀.

Ní ti ọkọ̀, wíwọ̀ kan náà la ní, ṣùgbọ́n wọ́n ní méjì. Ọkọ̀ téèyàn lè dìde dúró rìn nínú rẹ̀, bíi bọ́ọ̀sì, rélùwéè àti bàálù, get on ni, get off sì ni sísọ̀kalẹ̀. Mọ́tò kékeré, get in àti get out of ni.

Tí ẹ bá gbọ́ gotten lẹ́nu ará Amẹ́ríkà, kò ṣì í sọ. Lọ́dọ̀ wọn, I've gotten a car ni pé ọkọ̀ ti tẹ̀ mí lọ́wọ́, I've got a car sì ni pé mo ní ọkọ̀. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, got ni wọ́n sábà máa ń fi sọ méjèèjì.

Inú èdè Norse àtijọ́, èdè àwọn Viking, ìyẹn àwọn atukọ̀ ajagun ayé àtijọ́ láti àríwá Yúróòpù, ni get ti wọ Gẹ̀ẹ́sì. Ìbátan rẹ̀ ni forget, tó ti wà nínú Gẹ̀ẹ́sì tẹ́lẹ̀. Bóyá nítorí pé ó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ lẹ́nu wọn ló ṣe ń jẹ́ oríṣiríṣi.

Nínú lẹ́tà ìwáṣẹ́ tàbí ìwé sí ilé ẹjọ́, ẹ dín in kù. Ẹ kọ I received your letter dípò I got your letter. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá ń bá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀ lórí fóònù, got ni kí ẹ lò, nítorí received máa le jù létí rẹ̀.