Kí Ẹ Tó Jiyàn Lórí Àwo Jáàsì, Ẹ Kọ́kọ́ Wo Ara Rẹ̀

Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Oǹdó fi jiyàn lórí fóònù nítorí Ascension, àwo John Coltrane, afọnfèrè jáàsì ará Amẹ́ríkà. Mo ní kò sí ibi tí Elvin Jones, onílù rẹ̀, ti dá ìlù lù lóun nìkan nínú rẹ̀. Wọ́n ní ó wà.

"Àbúrò, o ò fara balẹ̀ gbọ́ ọ ni."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ọ lánàá."

Kò sí ẹni tó purọ́ nínú àwa méjèèjì. Ọjọ́ kan ṣoṣo, 28 oṣù kẹfà 1965, ni Coltrane àti àwọn mẹ́wàá mìíràn gba orin náà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Nígbà tí Impulse, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe àwo, gbé e jáde ní 1966, ọ̀kan ni wọ́n kọ́kọ́ lò. Nígbà tó yá, wọ́n fi èkejì rọ́pò rẹ̀. Nínú èyí tó kọ́kọ́ jáde, Elvin Jones dá ìlù lù. Nínú èkejì, kò dá a lù. Ohun tí ẹ ó fi mọ èkejì ni ọ̀rọ̀ tíńtín kan tí wọ́n fín sára ike dúdú ní ojú kìíní, láàárín ibi tí orin parí sí àti bébà àárín àwo: EDITION II. Ó wà lára tèmi. Kò sí lára tẹ̀gbọ́n.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù láàárín àwa tó ń kó àwo jọ nìyẹn: a máa ń ka ẹ̀yìn àpò, a kì í ka ara àwo. Bẹ́ẹ̀ ni àpò kì í ṣe ẹ̀rí. Mo ti ṣí àpò àwo Miles Davis, afọnfèrè jáàsì, rí ní Òkè Àró tí mo bá Orlando Owoh nínú rẹ̀. (Mo rà á náà, Orlando kì í ṣe ẹni tí èèyàn ń fi sílẹ̀.) Kí ẹ tó sanwó, ẹ yọ àwo jáde, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù yín sí i ní ẹ̀gbẹ́, ẹ ka ohun tí wọ́n fín síbẹ̀. Bí ẹ bá rí RVG tàbí VAN GELDER, Rudy Van Gelder, agbohùnsílẹ̀ ti New Jersey, ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ gé orin náà sára àwo àkọ́kọ́ tí wọ́n fi tẹ ìyókù. Ẹni tí kò bá jẹ́ kí ẹ yọ ọ́ wò, ẹ fi àwo rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa fẹ́ máa bá Kind of Blue, àwo Miles Davis, tẹ̀ ẹ́. Ní ojú kìíní, ohùn kíbọ́ọ̀dù rẹ̀ kọ̀ láti bá ti àwo mu, ó sì ti ń dá etí ara rẹ̀ lẹ́bi. Etí rẹ̀ kò ní àléébù. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n fi gba orin ojú yẹn sílẹ̀ ní 1959 kò yára tó bó ṣe yẹ, nítorí náà ohùn gbogbo ga díẹ̀ nígbà tí wọ́n gbé e sórí àwo. Ọdún 1992 ni wọ́n tó tún un ṣe, àwo àtijọ́ sì ni tèmi.

Èyí tó tún máa ń dùn mí ni sípíkà kan ṣoṣo. Ornette Coleman, afọnfèrè jáàsì, kó ẹgbẹ́ ẹlẹ́ni-mẹ́rin méjì jọ ní oṣù kejìlá 1960 fún àwo rẹ̀, Free Jazz. Òun, Don Cherry, Scott LaFaro àti Billy Higgins wà lápá òsì. Eric Dolphy, Freddie Hubbard, Charlie Haden àti Ed Blackwell wà lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá fi Bluetooth kékeré gbọ́ ọ, onílù méjì á di òkìtì kan. Nígbà kan, sípíkà ọ̀tún mi kú fún oṣù mẹ́ta, mo sì ń sọ káàkiri pé Dolphy kò fi bẹ́ẹ̀ fọn fèrè nínú àwo yẹn. Nígbà tí mo tún un ṣe, mo pe gbogbo àwọn tí mo sọ ọ́ fún, mo sì tọrọ àforíjì.

Ìṣẹ́jú mẹ́tàdínlógójì ni Free Jazz, orin kan ṣoṣo tí wọ́n pín sí ojú méjì. Ẹni tó gbé abẹ́rẹ́ kúrò lẹ́yìn ìṣẹ́jú méjì tó ní "ariwo lásán ni" kò tíì gbọ́ nǹkan kan. Bákan náà, ẹ má fi etí jáàsì gbọ́ Derek Bailey, atagìtá ará Ìlú Ọba. Òun, Evan Parker àti Tony Oxley dá ilé-iṣẹ́ àwo Incus sílẹ̀ ní London ní 1970 kí wọ́n lè máa gbé irú orin tí wọn kò ṣètò tẹ́lẹ̀, tí wọ́n ń dá bí wọ́n ṣe ń ṣeré lọ, jáde fúnra wọn. Kò sí ìlù tí ẹ ó máa mi orí sí. Ẹ bi ara yín pé: ta ló bẹ̀rẹ̀, ta ló dá a lóhùn, ta ló mọ̀ọ́mọ̀ dákẹ́? Àwọn kan máa ń sọ pé bí ìyáàlù wa lóde ayẹyẹ náà nìyẹn. Mi ò gbà á tán. Oríkì àti òwe tí gbogbo ilé ti mọ̀ ni ìyáàlù ń fà yọ. Ohun tí etí ti mọ̀ ni Bailey ń sá fún. Ibi tí wọ́n ti pàdé ni pé onílù wa pẹ̀lú ń wo ojú ẹni tó ń wọlé kó tó mọ ohun tó máa lù.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé nǹkan àwọn ará òkèèrè nìkan ni orin yìí. Ọmọ Ajídò lẹ́bàá Badagry ni Babatunde Olatunji, onílù, ibùdó rẹ̀ ní Harlem ní New York sì ni Coltrane ti ṣeré ní 23 oṣù kẹrin 1967, kò tó oṣù mẹ́ta kó tó kú. Bí No Agreement ti Fela, ti ọdún 1977, bá wà nílé yín, ẹ tún un gbọ́: Lester Bowie ará Amẹ́ríkà wà nínú àwọn tó ń fọn fèrè níbẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú: ẹ má to àwo lé ara wọn, ẹ jẹ́ kó dúró lóròó. Ẹ má fi spirit nu àwo àtijọ́ tó ń yí ní ìgbà 78 ní ìṣẹ́jú kan. Oje tí kòkòrò kan ń ṣe ni wọ́n fi ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn, spirit sì máa ń yọ́ ọ. Mo fi ọwọ́ ara mi ba mẹ́rin jẹ́ nínú ti bàbá mi bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì gbàgbé àwo sínú mọ́tò ní Ọjà Ọba. Kí ẹ tó ra ẹ̀fọ́ tán, oòrùn á ti mú un ká.

Ìdí nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n fi kúrò ní Oǹdó ní aago mẹ́fà àárọ̀ Sátidé, kí oòrùn tó mú, pẹ̀lú àwo wọn tí wọ́n fi aṣọ wé. A gbọ́ tiwọn, a gbọ́ tèmi. Wọ́n ní tiwọn dára jù nítorí ìlù Elvin yẹn. Èmi ṣì fẹ́ràn tèmi.