Kí Ẹ Tó Ra Ọ̀dà: Bí A Ṣe Ń Yan Àwọ̀ Fún Yàrá Tí A Ṣẹ̀ṣẹ̀ Tún Ṣe

Iṣẹ́ akunlé ni mò ń ṣe ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ohun tí oníbàárà sì máa ń kọ́kọ́ bi mí kò ju ẹyọ kan lọ: "Ọ̀gá, àwọ̀ wo ló wà lóde báyìí?" Bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀ ni o. Ògiri ṣì tutù, oníná ò tíì fa wáyà tán, wọ́n ti ń fi àwòrán ilé àwọn ará Dubai hàn mí lórí fóònù. N kì í dá wọn lóhùn lórí àwọ̀ lọ́jọ́ náà. Èmi náà a bi wọ́n: kí ló kù tí ẹ fẹ́ lù mọ́ ògiri yìí? Ibo ni oòrùn ń gbà wọlé? Ta ló máa gbé inú yàrá náà? Ẹni tó bá ti rí ìdáhùn sí ìwọ̀nyí, àwọ̀ ò ní í ṣòro fún un láti yàn.

Ohun tó máa fọ́ ògiri ló ń ṣáájú

Ẹ mú ìwé àti bírò, ẹ dúró sí àárín yàrá, kí ẹ kọ gbogbo ohun tí ẹ ṣì fẹ́ ṣe síbẹ̀, títí kan èyí tí owó rẹ̀ ò tíì sí. Bí ẹ bá ní in lọ́kàn láti gbé sólà lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ kí oníná gbẹ́ ọ̀nà wáyà rẹ̀ báyìí, kó ri páìpù òfìfo síbẹ̀, kí bíríkìlà rẹ́ ẹ pa. Lọ́jọ́ tí owó bá dé, wáyà nìkan ni wọ́n máa fà gba inú rẹ̀. Ẹ̀rọ amúlétutù fẹ́ ihò tí omi rẹ̀ máa gbà jáde. Irin tí tẹlifíṣọ̀n máa dúró lé, irin aṣọ fèrèsé, pátákó ìkówèésí àwọn ọmọ, gbogbo wọn ló fẹ́ ihò. Ẹ jẹ́ kí wọ́n lu ihò wọn kí n tó kun ọwọ́ ìkẹyìn. Ògiri tí wọ́n lu lẹ́yìn tí a kùn ún tán, bí ẹ tilẹ̀ fi ọ̀dà inú garawa kan náà pa á, ojú àpá rẹ̀ á máa hàn.

Òrùlé ni kí ẹ kọ́kọ́ tún ṣe, torí kò sí ọ̀dà tó ń dí òrùlé tó ń jò. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wáyà àti páìpù omi, kí ẹ tó kan fèrèsé àti férémù ilẹ̀kùn. Àjà ló tẹ̀ lé e, ì báà jẹ́ POP tàbí PVC, kí wọ́n tó wá rẹ́ ògiri, kí wọ́n sì ṣe screeding, ìyẹn ni kí wọ́n pa ojú ògiri kó lè jọ̀lọ̀. Èmi máa ń fẹ́ kun ọwọ́ kìn-ín-ní kí wọ́n tó tẹ́ táìlì, kí n má baà máa kán ọ̀dà sórí táìlì tuntun, n óò wá padà wá fún ọwọ́ ìkẹyìn lẹ́yìn tí àwọn yòókù bá ti jáde. Àwọn kan máa ń rò pé owó ọkọ̀ ni mò ń wá. Ẹ bi ẹni tó ti fi abẹ fá ọ̀dà kúrò lára táìlì rí.

Ẹ jẹ́ kó gbẹ

Bí mo bá ń bá oníbàárà jà, orí èyí ni. Ògiri tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ yẹ kó gba nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kí ọ̀dà tó kàn án, lásìkò òjò ó sì máa ń ju bẹ́ẹ̀ lọ. Yàtọ̀ sí omi, sìmẹ́ńtì tuntun ní agbára kan bíi ti eérú tó ń jẹ ọ̀dà: àwọ̀ á ṣá níbì kan, á dúdú níbòmíràn, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ á sì máa hù jáde lára rẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ó ti gbẹ, ẹ gé ọ̀rá kan tó mọ́ kedere, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ igun rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri pinpin, kó sùn bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá rí omi nínú rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹ kó ọ̀dà yín padà sí kọ̀rọ̀.

Àwọn ilé àgbà ní àdúgbò Ìsàlẹ̀-Àfọ̀n, ní Ìjẹrú àti níhà Masífá ní tiwọn lọ́tọ̀. Púpọ̀ nínú wọn, amọ̀ ni ògiri, sìmẹ́ńtì ni wọ́n wulẹ̀ fi rẹ́ ojú rẹ̀. Irú ògiri bẹ́ẹ̀ máa ń fa omi láti ilẹ̀ gòkè. Ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀ lásìkò òjò, ẹ óò rí i tó rin gbindin. Tí ẹ bá fi ọ̀dà elépo, èyí tí à ń pè ní gloss, kùn ún kí ó lè máa dán, omi inú rẹ̀ ò ní rí ọ̀nà jáde mọ́, ọ̀dà á wú, á sì fà sìmẹ́ńtì wálẹ̀. Láyé àwọn ìyá wa tí wọ́n ń fi ẹlẹ́bọ́tọ rẹ́ ilé, ohun tí wọ́n fi rẹ́ ẹ kì í dé omi mọ́nú. Emulsion lásán, ọ̀dà olómi tí kì í dán, ni kí ẹ lò fún ilé amọ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ tó kùn ún rárá, ẹ jáde sí ìta: ẹ la ojú àgbàrá kó má dúró sí ẹsẹ̀ ilé, ẹ da kọnkéré tó dà gẹ̀rẹ́ sí ìdí ògiri, ẹ sì fi ọ̀pá gba omi òrùlé lọ sí ibòmíràn. Owó tí ẹ ná síta yìí ló máa mú ọ̀dà inú ilé pẹ́.

Bí ilé náà bá ti pẹ́ tó sì jẹ́ pé ọ̀dà elépo ló wà lára ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀, ẹ má fi sánpépà gbígbẹ ha á. Òjé wà nínú ọ̀pọ̀ ọ̀dà àtijọ́, eruku rẹ̀ sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ fi omi rin ín kí ẹ tó ha á, kí aláboyún àtàwọn ọmọ kúrò nítòsí, kí ẹ fi aṣọ tútù nu ilẹ̀ dípò kí ẹ gbá a. Ti ìsinsìnyí, NAFDAC ti fi òfin dé e pé òjé inú ọ̀dà kò gbọ́dọ̀ ju 90 lọ nínú mílíọ̀nù kan, nítorí náà ẹ má ra garawa tí kò ní orúkọ ilé-iṣẹ́ lára.

Ó wá kan àwọ̀

Ohun tí ẹ ò ní pààrọ̀ ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Táìlì ni agbádá, àwọ̀ ògiri ni fìlà. Táìlì tó wọ́pọ̀ nílé wa níbí jẹ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tàbí kíríìmù tó ní ìlà kéékèèké. Ẹ tẹjú mọ́ ìlà yẹn, kí ẹ mú àwọ̀ tó fara hàn díẹ̀ jù lára rẹ̀, kí ẹ wá èyí tó fẹ́lẹ́ jù ú lọ fún ògiri. Ẹ kì í pàdánù. Lẹ́yìn táìlì ni àga, lẹ́yìn àga ni aṣọ fèrèsé, torí aṣọ rọrùn láti pààrọ̀ lọ́dún.

Lẹ́yìn náà, oòrùn. Yàrá tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ìwọ̀ oòrùn máa ń gbóná lọ́sàn-án, ìmọ́lẹ̀ pupa rúsúrúsú ló sì ń wọ inú rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Tí ẹ bá tún kùn ún ní àwọ̀ ọsàn tàbí pupa, ẹni tó wà níbẹ̀ á rò pé òun wà nídìí ààrò. Áàṣì tó fẹ́lẹ́, tàbí àwọ̀ ewé tó ṣá díẹ̀, ló máa ń tù ú. Ìlà oòrùn rọrùn: kò fi bẹ́ẹ̀ sí àwọ̀ tí kì í gbà. Èyí tó le ni yàrá tí bàràńdà bo ojú rẹ̀, tàbí yàrá ilé ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ògiri aládùúgbò. Gbogbo ènìyàn ló máa ń sọ pé kí a kùn ún ní funfun báláú kó lè mọ́lẹ̀. Irọ́ ni. Níbi tí ìmọ́lẹ̀ ò sí, funfun báláú kò ní ohun tó máa gbé jáde, ṣe ló máa ń dà bí ẹni pé ó dọ̀tí. Ẹ fi funfun sí àjà, kí ẹ fi mílíkì tàbí kíríìmù tó rẹwà sí ògiri.

Iná alẹ́ náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀. Ẹ wo páálí gílóòbù, nọ́ńbà kan wà lára rẹ̀ tó parí sí K. 6500K ló pọ̀ jù lọ́jà wa, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ funfun, ó sì máa ń mú kí áàṣì dà bí aró tó fẹ́lẹ́, kí ojú rẹ̀ sì tutù nini. 3000K máa ń ràn rúsúrúsú, ó sì máa ń gbé kíríìmù yọ. Ẹ kọ́kọ́ so gílóòbù tí ẹ máa lò mọ́ àjà kí ẹ tó dá àwọ̀ lẹ́jọ́.

Ìdánwò tí mo máa ń ṣe nìyí. Ẹ ra garawa tó kéré jù, ẹ fi kun páálí tó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 2 níbùú lóòró, ọwọ́ méjì, kó gbẹ dáadáa. Emulsion tútù máa ń mọ́ ju gbígbẹ lọ, ẹ má sì dájọ́ nígbà tó ṣì tutù. Ẹ gbé páálí náà sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, ẹ tún gbé e sí kọ̀rọ̀ tó ṣókùnkùn jù, pẹ̀lú táìlì kan àti aṣọ fèrèsé lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wò ó láàárọ̀, ẹ wò ó ní ìrọ̀lẹ́, ẹ wò ó lálẹ́ nígbà tí iná wà, àti nígbà tí wọ́n bá mú un lọ tó ku àtùpà tí à ń ṣáàjì nìkan. Àwọ̀ ara káàdì inú ṣọ́ọ̀bù kò tó àtẹ́lẹwọ́. Tí ògiri mẹ́rin bá dojú kọ ara wọn, àwọ̀ á le ju bí ẹ ṣe rí i lọ, nítorí náà ẹ mú èyí tó fi ìpele kan fẹ́lẹ́ ju ààyò yín.

Ẹni tó bá fẹ́ àwọ̀ líle, kò burú, ògiri kan ṣoṣo ni kó fún un: èyí tó wà lẹ́yìn ibùsùn tàbí èyí tí àlejò máa kọ́kọ́ rí. Kì í ṣe èyí tí fèrèsé wà lára rẹ̀, torí ìmọ́lẹ̀ ìta máa mú kó dúdú jù. Aró lẹ́yìn ibùsùn pẹ̀lú mílíkì yíká, mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Ní ti pupa, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní kí n kun yàrá òun bẹ́ẹ̀ tìtorí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù rẹ̀. Mo ṣe é. Ṣùgbọ́n pupa fòò àti rúsúrúsú kì í bo ògiri kíákíá, ó lè gba ọwọ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sì máa kọ́kọ́ fi áàṣì tẹ́ abẹ́ rẹ̀. Ẹ ka owó rẹ̀ mọ́ ọn.

Eruku, ọwọ́ ọmọ, àti ọkà

Ilẹ̀ wa pupa, ọyẹ́ wa sì ní eruku, ẹ má yan àwọ̀ bí ẹni pé ẹ ò mọ̀. Àwọn kan sá fún funfun lọ bá àwọ̀ dúdú bí èédú, wọ́n gbàgbé pé eruku ń hàn lára dúdú ju ara funfun lọ. Mílíkì, bíṣíkíìtì àti áàṣì tó súnmọ́ àwọ̀ ilẹ̀ ló ń gbà á mọ́ra. Ní ìta, ibi tí òjò ti ń ta erùpẹ̀ sí ògiri, ẹ fi àwọ̀ pupa ilẹ̀ tàbí ṣokoléètì kun ìsàlẹ̀ rẹ̀ títí dé bí ẹsẹ̀ bàtà 2.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá ọmọdé fẹ́ satin, ọ̀dà tó ń dán díẹ̀, nítorí ó ṣeé fi kàn-ìn-kàn-ìn àti omi fọ̀. Ẹ rántí pé bí ọ̀dà ṣe ń dán sí i ni àléébù ògiri ń hàn sí i. Ògiri tí kò jọ̀lọ̀, emulsion tí kì í dán ló máa bo àṣírí rẹ̀. Ilé ìdáná ni kí ẹ má fi emulsion ṣeré. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, a ò lè torí ọ̀dà má rokà, ooru rẹ̀ àti epo ọbẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́ ògiri lójoojúmọ́. Táìlì lẹ́yìn ààrò, gloss tàbí satin níbi tó kù, ó tán.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ilé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ LAUTECH ń gbé, àwọ̀ kan ṣoṣo ni kí ẹ lò fún gbogbo yàrá. Bí ayálégbé kan bá kó jáde, ẹ óò lè tún ibi tó bàjẹ́ nìkan kùn.

Ìṣirò àti rírà

Ká ní yàrá yín jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12, tó ga tó 10. Yíká rẹ̀ jẹ́ 48, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 10, ó di 480. Ẹ yọ ilẹ̀kùn kan, 21, àti fèrèsé méjì tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ 16. Ó ku 427 square feet, ìyẹn bíi 40 square meters. Lítà kan máa ń bo nǹkan bí 10 square meters lára ògiri tó jọ̀lọ̀, nítorí náà ọwọ́ kan gba lítà 4, ọwọ́ méjì gba 8. Ògiri tuntun máa ń mu ún jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí nọ́ńbà ara garawa bára mu, kí akunlé sì da gbogbo rẹ̀ pọ̀ sínú ike ńlá kan kó tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ó bu omi lé e ju ohun tí wọ́n kọ sára garawa lọ. Tí ògiri bá ti gbẹ tí ẹ fọwọ́ pa á, tí àtẹ́lẹwọ́ yín sì funfun, ẹfun ló pọ̀ nínú ọ̀dà yẹn.

Ní ti àsìkò, ìgbà tí òjò ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ọyẹ́ ò tíì dé ni mo fẹ́ jù. Nínú ọyẹ́ gan-an, emulsion kò ní wàhálà, ṣùgbọ́n gloss tó máa gbẹ mọ́jú á kó gbogbo eruku àdúgbò mọ́ra.

Àjà la ń kọ́kọ́ kùn, ó kan ògiri, kó tó kan ilẹ̀kùn. Ẹ fi wákàtí bíi mẹ́rin sí àárín ọwọ́ emulsion méjì, kí ẹ jẹ́ kí gloss sùn. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dà á sínú ìgò tó ní ọmọrí, kí ẹ kọ orúkọ àwọ̀, nọ́ńbà rẹ̀ àti orúkọ yàrá sí i lára. Kí ẹ tó san owó iṣẹ́ tó kù, ẹ dúró di alẹ́, ẹ gbé àtùpà súnmọ́ ògiri láti ẹ̀gbẹ́, kí ẹ tàn án lọ tàn án bọ̀. Ibi tí ẹ bá ti rí àbùkù, ẹ lẹ téèpù bébà kékeré mọ́ ọn. Akunlé tó bá mọ iṣẹ́ á mú rólà rẹ̀ padà lọ́jọ́ kejì láìbínú, tó bá sì tún un ṣe tán, ẹ san owó rẹ̀ fún un pé.