Ajẹ́ǹtì àbí ìnfẹ́sítọ̀? Àwọn àṣìṣe tó ń jẹ owó àwọn ọ̀dọ́ nídìí iṣẹ́ ilé àti ilẹ̀ n'Ilé-Ifẹ̀

Tẹ́ ẹ bá ń ronú bóyá kẹ́ ẹ ṣe ajẹ́ǹtì ilé àti ilẹ̀ ni àbí kẹ́ ẹ jẹ́ ìnfẹ́sítọ̀, ìyẹn ẹni tó ń fowó ra ilẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bẹ̀rẹ̀ látorí pé èwo ló ń mówó wọlé jù. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ tó jáde ní OAU tí wọn ò fẹ́ kúrò n'Ifẹ̀ mọ́ ti ń ṣìnà, wọ́n á ní ajẹ́ǹtì ń gba kọmíṣọ̀n, wọ́n á ní ẹni tó ra ilẹ̀ sí Ede Road nígbà tí ibẹ̀ ṣì jẹ́ igbó ti dolówó báyìí, wọ́n á wá fò mọ́ èyí tó bá dùn létí wọn. Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ bi ara yín ni pé, ọdún mélòó ni mo lè fi wà láìfọwọ́ kan owó yìí? Ajẹ́ǹtì, ẹsẹ̀ àti ẹnu ló fi ń ṣiṣẹ́, tí ò bá rìn lónìí kò ní jẹun lọ́la. Ẹni tó ń ra ilẹ̀, owó ẹ̀ ló ń bá a ṣiṣẹ́, owó yẹn sì lè há síbẹ̀ fún ọdún márùn-ún. Tó bá jẹ́ owó iléèwé àbúrò yín ni, tàbí owó tí màmá yín yá ní kópúrétífù, ẹ má tíì ra nǹkan kan o.

Àwọn tó yan ajẹ́ǹtì náà máa ń rò pé kò séwu ńbẹ̀ torí pé wọn ò fowó sílẹ̀. Irọ́ ni. Kàlẹ́ńdà OAU ni ajẹ́ǹtì Ifẹ̀ fi ń jẹun. Tí iléèwé bá fẹ́ wọlé, fóònù ò ní sinmi, Asherifa, Damico, Mayfair, Parakin, gbogbo ẹ̀ ni wọ́n ń wá yàrá sí. Tí iléèwé bá wá tì ńkọ́? Ní 2022, ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì ní 14 February, October ni wọ́n tó padà, oṣù mẹ́jọ gbáko. Ní 2020, Corona àti ASUU wọnú ara wọn, ọdún fẹ́rẹ̀ẹ́ parí kí ọ̀rọ̀ tó lójú. Ẹni tó jẹ́ pé yàrá akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ló ń júwe, kí ló fẹ́ jẹ? Lándíládì tó kọ́ gbogbo ilé ẹ̀ fún akẹ́kọ̀ọ́ náà rí i. Àwọn tó ní òṣìṣẹ́ Teaching Hospital tàbí oníṣòwò Lagere láàárín ayálégbé wọn ṣì ń rówó gbà. Torí náà, yálà ajẹ́ǹtì lẹ fẹ́ ṣe ni o, yálà ẹ fẹ́ kọ́lé ni o, ẹ má fi gbogbo oúnjẹ yín sọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ má sì gbowó yàrá lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tẹ́ ò bá tíì rí lándíládì àti kọ́kọ́rọ́ fúnra yín. Yàrá kan, ajẹ́ǹtì mẹ́ta, ẹni tó kọ́kọ́ sanwó fún lándíládì ló ń wọlé, ìwọ tó o ti gbowó ọmọ ọlọ́mọ lo máa wá dáhùn ní tọlọ́pàá.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ilẹ̀, torí ibẹ̀ lówó ńlá ti ń run. Ohun tó yẹ kó ká yín lára jù l'Ifẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀, ìyẹn ohun tí ẹni tó ń dáko lórí ilẹ̀ ẹlòmíì ń san fún onílẹ̀. Kòkó ló gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé oko Ifẹ̀, bàbá ńlá ẹlòmíì gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ẹbí kan, ó gbin kòkó, ó ń san ìṣákọ́lẹ̀, ó kú, ọmọ ẹ̀ ń san án lọ, ọmọ-ọmọ wá dàgbà ó rò pé tàwọn ni, ó ń gé e ní pulọ́ọ̀tì pulọ́ọ̀tì tà. Ẹni tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ ò lẹ́tọ̀ọ́ láti ta ilẹ̀ yẹn, bó ti wù kó pẹ́ lórí ẹ̀ tó. Ẹbí tó nilẹ̀ gan-an ò sì lè kàn jí lọ́jọ́ kan kó tà á mọ́ ọn lórí, kóòtù ò ní gbà fún un, kòkó tó wà níbẹ̀ kì í ṣe tiwọn. Ìyẹn ni pé èèyàn lè rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń dáko lórí ẹ̀ kó jìyà, ó sì lè rà á lọ́wọ́ onílẹ̀ kó ṣì jìyà, àfi tí àwọn méjèèjì bá jọ jókòó tí wọ́n jọ fọwọ́ síwèé. Kẹ́ ẹ tó bèèrè iye, ẹ bèèrè pé ta ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún ládùúgbò yìí. Ajẹ́ǹtì náà gbọ́dọ̀ bèèrè, torí tí ìjà bá dé, ilé ajẹ́ǹtì ni wọ́n máa kọ́kọ́ wá.

Nínú ẹbí onílẹ̀ fúnra ẹ̀ ńkọ́? Táwọn ọmọ ẹbí bá tà á lẹ́yìn olórí ẹbí, kò sí títà kankan níbẹ̀. Tí olórí ẹbí bá dá a tà láìjẹ́ pé àwọn àgbà ìdílé fọwọ́ sí i, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ kí wọ́n fagi lé e. Rísíìtì ẹbí nìkan ò tó, ẹ mú sọ̀fé, ìyẹn àwòrán ìwọ̀n ilẹ̀ náà, lọ sí ọ́fíìsì sọ̀fé ìjọba l'Òṣogbo kí wọ́n bá yín yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìjọba ti gbà á tẹ́lẹ̀, torí látinú òfin ilẹ̀ 1978 ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ ti wà níkàáwọ́ gómìnà. Ẹ má sì di owó sínú báàgì lọ bá wọn. Òfin ò gbà kí ẹnì kan san owó tó ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ ní káàṣì, inú báǹkì ló gbọ́dọ̀ gbà kọjá. Ẹ̀rí yín náà nìyẹn.

Lápá Iléṣà, wọ́n ní góòlù. Látìgbà tí iṣẹ́ góòlù ti bẹ̀rẹ̀ ní Segilola, ibi tí iléeṣẹ́ ti ń wa góòlù, ní 2021 làwọn kan ti ń lé owó sórí ilẹ̀ pé ohun tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ ju òkè lọ. Ìjọba àpapọ̀ ló ni ohun tó bá wà nísàlẹ̀, kì í ṣe yín. Ẹ dìde níbẹ̀.

Àṣìṣe tó ń bà mí nínú jẹ́ jù ni tàwọn tí ò yan ọ̀kan, tí wọ́n ń ṣe méjèèjì pọ̀ lórí owó olówó. Ẹ̀gbọ́n kan ní Kánádà á fowó ránṣẹ́ pé kí wọ́n bá òun ra pulọ́ọ̀tì kan lọ́nà Ìbàdàn, ajẹ́ǹtì á rí òmíràn lówó pọ́ọ́kú, á ní kí n fi mú èyí fún ara mi ná, tí mo bá tún un tà lóṣù méjì màá dá a padà. Ilẹ̀ ò mọ̀ pé ò ń kánjú. Oṣù méjì á di mẹ́jọ, ẹ̀gbọ́n á máa bèèrè fọ́tò, ajẹ́ǹtì á bẹ̀rẹ̀ sí í ya fọ́tò ilẹ̀ onílẹ̀ ránṣẹ́, ó ti dolè nìyẹn, bẹ́ẹ̀ ọmọ gidi ni tẹ́lẹ̀, kò sì jókòó rò ó pé òun fẹ́ jalè. Àwọn míì á gbọ́ ₦200,000 lẹ́nu lándíládì, wọ́n á pè é ní ₦250,000, wọ́n á tún gba kọmíṣọ̀n lórí ẹ̀. Ìlú ò tóbi tó ìyẹn, ayálégbé àti lándíládì á sọ̀rọ̀ kan ara wọn lọ́jọ́ kan. Ẹ ṣí àkáǹtì ọ̀tọ̀ fún owó kọ́sítọ́mà. Tí ilẹ̀ tí wọ́n ní kẹ́ ẹ wá bá wu ẹ̀yin náà, ẹ sọ fún wọn kẹ́ ẹ tó dá sí i, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sílẹ̀.

Tíṣà tàbí nọ́ọ̀sì tó ń gbowó oṣù, tí kì í ráyè, kó má ṣe ajẹ́ǹtì lópin ọ̀sẹ̀, kó máa tọ́jú owó títí á fi ra pulọ́ọ̀tì kan tíwèé ẹ̀ pé. Ẹni tí ò níṣẹ́ tó sì lẹ́sẹ̀, kó lọ bá ajẹ́ǹtì tó ti pẹ́ nídìí ẹ̀ ṣiṣẹ́, kó máa kọ orúkọ ẹbí, adúgbò, àti iye tí nǹkan tà sínú ìwé. Tó bá fi máa tó ọdún méjì, á ti mọ ẹbí tó wà ní kóòtù àti sọ̀féyọ̀ tí kì í purọ́, ìgbà yẹn ló tó lè ronú ilẹ̀ tiẹ̀.